ÀÀBÒ ALÁÌSÀN ÀTI ÌBÉÈRÈ TÍ Ó YẸ: ÀGBÉYẸ̀WÒ IKÚ ÒJIJÌ TI ỌDÚN 2015 NÍ ÒDE-ÌRẸ̀LẸ̀

1.0 ÌFÁÁRÀ

Ní àárín oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú òjijì bẹ́ sílẹ̀ ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ̀lẹ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí fífọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ dé sí aláìsàn. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, tí kò sì ní í pẹ́ kí ó tó dákú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe báyìí ni ó kú láàárín ọjọ́ kan péré. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, iye àwọn tí ó kú ti lé ní ènìyàn 15.

Ohun tí ó pa wọ́n kì í ṣe àrùn tí ń ràn. Àyẹ̀wò fi hàn nígbẹ̀yìn pé májèlé methanol ni, àti pé inú ògógóró ni ó gbà wọ ara wọn. Bí ẹnu bá kan ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, orí ọtí àti ẹni tí ó tà á ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé. Bébà yìí gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Ó wò ó gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ààbò aláìsàn. Kókó tí ó ń tẹnu mọ́ ni pé ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ ìlera bi aláìsàn ní èdè tí ó yé e, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìdáhùn rẹ̀, jẹ́ irinṣẹ́ ààbò gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ àti oògùn ti jẹ́. Níbi tí irinṣẹ́ yìí kò bá sí, ilé ìwòsàn tí oògùn kún inú rẹ̀ lè máa wo àìsàn tí kò sí lára aláìsàn, kí èyí tí ó wà níbẹ̀ sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bébà náà kò di ẹ̀bi ru ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ kankan. Ọ̀nà tí aláìsàn ń gbà láti ilé rẹ̀ dé ibi ìtọ́jú ni ó ń yẹ̀ wò, àti àwọn ibi tí ọ̀nà náà ti lè já.

2.0 OHUN TÍ ÀÀBÒ ALÁÌSÀN JẸ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Òwe yìí gbà pé agbára oníṣègùn ní òpin. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààbò aláìsàn bẹ̀rẹ̀ kí òpin náà tó dé. Ó dá lórí ìpalára tí ìtọ́jú fúnra rẹ̀ fà, àti lórí ikú tí ìtọ́jú ìbá dènà bí ó bá tètè dé tí ó sì gba ọ̀nà tí ó tọ́. Oògùn tí kò yẹ, ẹ̀jẹ̀ tí kò bá ti aláìsàn mu, ọwọ́ tí kò mọ́, àìsàn tí wọ́n fi orúkọ àìsàn mìíràn pè, àti ìdádúró láàárín ilé ìwòsàn kan sí òmíràn, gbogbo wọn ni ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìrònú náà ti pẹ́. Ní ọdún 1847, Ignaz Semmelweis fi hàn ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní ìlú Vienna pé ikú àwọn ìyálọ́mọ dín kù gidigidi nígbà tí àwọn dókítà ń fi omi olóògùn fọ ọwọ́ wọn kí wọ́n tó tọ́jú aláboyún. Ní ọdún 1999, ìròyìn kan tí àwọn onímọ̀ ìlera gbé jáde ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé àṣìṣe nínú ìtọ́jú ń pa ènìyàn tí iye wọn wà láàárín 44,000 àti 98,000 lọ́dọọdún ní àwọn ilé ìwòsàn orílẹ̀-èdè náà. Láti ọdún 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti ya ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí.

Nàìjíríà ní ìrírí tirẹ̀. Ní ọdún 1990, àwọn ọmọdé 47 ni ó kú ní Ìbàdàn àti ní Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn ibà olómi tí májèlé diethylene glycol wà nínú rẹ̀. Láàárín ọdún 2008 sí 2009, májèlé kan náà tún wọ inú oògùn olómi tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tí ń hu eyín, àwọn ọmọ 84 sì kú. Kò sí ìyá kan nínú wọn tí ó ṣe àìgbọràn. Oògùn ni wọ́n rà, oògùn ni wọ́n sì fún ọmọ wọn. Ohun tí irú ìtàn báyìí ń kọ́ni ni pé ìpalára kì í sábà ti ọwọ́ ìkà ènìyàn wá. Àárín ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì ni ó máa ń gbà wọlé, níbi tí oníkálùkù ti rò pé ẹni tí ó wà níwájú òun ti ṣe àyẹ̀wò.

3.0 ÌṢẸ̀LẸ̀ ÒDE-ÌRẸ̀LẸ̀

Ìgbà tí ikú náà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rù ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2014 ni àrùn Ebola wọ Èkó, ó mú ènìyàn 20, ó sì pa 8 nínú wọn kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà pé Nàìjíríà ti bọ́. Oṣù mẹ́fà péré ni ó tẹ̀ lé ìkéde náà tí ti Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ fi ṣẹlẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ bẹ̀rù pé àrùn náà ni ó tún padà dé.

Nínú ìlú, ìtumọ̀ mìíràn tún wà. Àwọn kan sọ pé òrìṣà ìlú ni ó ń bínú nítorí ohun tí àwọn kan ṣe ní ojúbọ rẹ̀. Ìtumọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ọ̀mọ̀wé fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí àwọn tí ó mọ ara wọn ń kú ní ọjọ́ kan náà, tí kò sì sí àmì àrùn kankan tí ojú mọ̀, ènìyàn gbọ́dọ̀ wá ìdí rẹ̀ níbi kan. Ìmọ̀ ìlera fúnra rẹ̀ kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: nígbà tí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ti fi hàn pé kò sí kòkòrò àrùn, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ fura sí oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko. Àyẹ̀wò tí ó tẹ̀ lé e ni ó wá fi methanol hàn.

Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn kíyè sí ni bí ọ̀nà náà ti gùn tó. Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Èkó ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn aláìsàn wò. Láti Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ dé ibẹ̀, ènìyàn yóò la àwọn ìlú Ìkálẹ̀ kọjá, yóò la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá kí ó tó fojú kan Èkó. Aláìsàn tí májèlé yìí ti wọ ara rẹ̀ kò ní àkókò tí ó tó bẹ́ẹ̀. Èyí ni ó mú kí ìbéèrè tí wọ́n bi í ní ibi ìtọ́jú àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ tí ó wà ní ìlú ńlá lọ.

4.0 BÍ METHANOL ṢE Ń ṢIṢẸ́ NÍNÚ ARA

Ọtí tí ń pa ènìyàn bí ẹni ń ṣeré ni ethanol. Methanol jọ ọ́ púpọ̀: kò ní àwọ̀, òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọtí, ahọ́n kò sì lè fi ìdánilójú dá a mọ̀. Ìwọ̀nba kíún ni ó máa ń wà nínú ọtí tí wọ́n fi ẹmu tàbí ògùrọ̀ sè bí wọ́n bá sè é dáadáa. Ewu ńlá ni bí ó bá pọ̀, pàápàá bí ẹnìkan bá da ti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ọtí kí ó lè le tàbí kí ó lè pọ̀ sí i.

Methanol fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń pani. Nínú ẹ̀dọ̀ ni èròjà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fọ́ ọtí sí wẹ́wẹ́. Bí èròjà yìí bá fọ́ methanol, ohun tí ó ń yọrí sí ni ásíìdì formic, irú èyí tí ó wà nínú oró àwọn èèrà kan. Ásíìdì yìí a máa ba iṣan tí ń gbé ìríran láti ojú lọ sí ọpọlọ jẹ́, a sì máa sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan títí tí èémí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yára tí ọpọlọ yóò sì dákẹ́. Èyí ni ó fa orí fífọ́, ojú bàìbàì àti ìdákú tí wọ́n rí ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀. Ẹni tí ikú bá yẹ̀ lórí rẹ̀ lè di afọ́jú.

Ìfọ́síwẹ́wẹ́ yìí ń gba àkókò. Wákàtí 12 sí 24 lè kọjá kí àmì tó hàn, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ethanol bá pọ̀ nínú ọtí kan náà. Ẹni tí ó mu ún ní ìrọ̀lẹ́ yóò sùn, yóò jí, bóyá yóò tilẹ̀ lọ sí oko. Nígbà tí orí rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kò ní í rántí ọtí àná mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ti já okùn tí ó so àìsàn pọ̀ mọ́ ohun tí ó fà á, ẹni tí yóò tún okùn náà so ni ẹni tí ó bá mọ ìbéèrè bi í.

Ìtọ́jú rẹ̀ wà. Èròjà inú ẹ̀dọ̀ yẹn fẹ́ràn ethanol ju methanol lọ. Nítorí náà, bí dókítà bá fún aláìsàn ní ethanol tí ó mọ́ ní ìwọ̀n tí ó tọ́, tàbí oògùn fomepizole, èròjà náà yóò fi methanol sílẹ̀, ara yóò sì lè tú u dànù láìsọ ọ́ di ásíìdì. Oògùn tí ń pa ìkan inú ẹ̀jẹ̀ wà pẹ̀lú, ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ kíndìnrín a sì máa sẹ́ májèlé náà kúrò. Ilé ìwòsàn nìkan ni èyí ti ṣeé ṣe. Ẹni tí ó bá tún mu ògógóró nílé láti fi wo ara rẹ̀ ń fi májèlé lé májèlé ni. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú ìtọ́jú wọ̀nyí tí ẹnikẹ́ni yóò bẹ̀rẹ̀ àfi bí ó bá ti fura sí methanol.

5.0 ÌBÉÈRÈ ÀTI ÈDÈ ALÁÌSÀN

Yorùbá ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ìtàn àìsàn ni dókítà kọ́kọ́ ń gbọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ara aláìsàn. Èdè sì ni ìtàn náà fi ń rìn. Ibi tí òṣìṣẹ́ ìlera àti aláìsàn bá ti ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ewu ti wọ ilé.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni "ọtí". Bí nọ́ọ̀sì bá bi àgbàlagbà kan pé, "Bàbá, ṣé ẹ máa ń mu ọtí?" ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn pé rárá, kí ó má sì purọ́. Lójú rẹ̀, ọtí lè jẹ́ bíà inú ìgò tí wọ́n ń mu níbi ayẹyẹ. Èyí tí ó fi ife kékeré mu ní òwúrọ̀ kí òtútù oko má baà mú un, oògùn ni ó kà á sí. Èyí tí wọ́n rẹ egbò àti èèpo igi sínú rẹ̀ fún ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí fún jẹ̀díjẹ̀dí, àgbo ni ó ń jẹ́. Èyí tí wọ́n fi gbàdúrà níbi ìkómọjáde, ọ̀rọ̀ àṣà ni. Bí àgbàlagbà náà bá tún jẹ́ ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ sí aṣáájú nínú ìjọ, tí àwọn ọmọ náà sì dúró yí ibùsùn rẹ̀ ká, ìtìjú nìkan ti tó láti pa ìdáhùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "ojú ń ṣú mi". Àárẹ̀ lè mú kí ènìyàn sọ bẹ́ẹ̀, ebi lè mú kí ó sọ bẹ́ẹ̀, òòyì pẹ̀lú. Ẹni tí ìríran rẹ̀ ń lọ lóòótọ́ lè lo gbólóhùn kan náà. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ òòyì sílẹ̀ tí ó sì kọjá, àmì tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú májèlé yìí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni ó yẹ kí ó fi lé e: "Ṣé ẹ ń rí ìka ọwọ́ mi yìí kedere, àbí ó dà bí ìgbà tí kùrukùru bo ojú yín?"

Ọ̀rọ̀ kẹta ni "ibà". Orúkọ tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń fún gbogbo ara tí kò dá ni. Aláìsàn tí ó wọlé tí ó ní ibà ni ó ń ṣe òun ti dárúkọ àìsàn fún ara rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá gbà á bẹ́ẹ̀ tí ó fún un ní oògùn ibà, tí ó sì ní kí ó lọ sinmi, wákàtí tí ó kù fún ìtọ́jú yóò parí lórí ẹní ilé.

Ti Ìkálẹ̀ tún ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú ìpínsísọ̀rí tí Abíọ́dún Adétúgbọ̀ ṣe ní ọdún 1967, ẹ̀ka-èdè yìí wà lábẹ́ ọ̀wọ́ Gúúsù-Ìlà-Oòrùn, pẹ̀lú Ìlàjẹ, Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìjẹ̀bú. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ìjọba gbé wá láti ibòmíràn lè gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò dáadáa, kí ó má sì gbọ́ ohun tí ìyá arúgbó kan láti abúlé ń sọ. Bí kò bá sí ẹni tí yóò túmọ̀, ọmọ tàbí ìyàwó aláìsàn ni yóò máa dáhùn fún un, ohun tí ọmọ tàbí ìyàwó kò bá mọ̀ yóò sì di ohun tí kò sí.

Àpẹẹrẹ rere kan wà nínú ìtàn Ebola tí bébà yìí ti mẹ́nu bà. Ibà lásán ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò lára ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbé àrùn náà wọ Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó bi aláìsàn léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ẹni tí ó bá pàdé, kò gba ìdáhùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òpin, ó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, ó sì kọ̀ láti tú u sílẹ̀ bí ó ti wù kí wọ́n fúngun mọ́ ọn tó. Àrùn náà pa òun fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 2014, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ gba ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀mí là.

6.0 ÀKỌSÍLẸ̀ ÀTI ÌRÒYÌN

Orí fífọ́ ni orí fífọ́ ń jẹ́ bí ẹnìkan ṣoṣo bá ń ṣe é. Bí ènìyàn mẹ́ta láti àdúgbò kan bá wá láàárín ọjọ́ kan, tí ojú ẹni kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe bàìbàì, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹnìkan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rí i pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ara wọn bí nọ́ọ̀sì tí ó gba iṣẹ́ ní alẹ́ kò bá rí ohun tí ti òwúrọ̀ kọ. Ìwé àkọsílẹ̀ tí ó sọ ohun tí aláìsàn jẹ, ohun tí ó mu, ibi tí ó ti rà á àti ẹni tí ó bá a mu ún lè fi ojú olóko hàn kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dé láti Èkó.

Ìròyìn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé àkọsílẹ̀. Nínú ètò ìlera Nàìjíríà, òṣìṣẹ́ kan wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba ìròyìn àrùn láti àwọn ilé ìwòsàn, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ àti sí ìjọba àpapọ̀. Ìwúlò èyí hàn nínú ohun tí ó tẹ̀ lé ti Òde-Ìrẹ̀lẹ̀. Kí oṣù kẹfà ọdún 2015 tó parí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kú ní Ìpínlẹ̀ Rivers nítorí methanol inú ògógóró, iye wọn sì ju ti Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn ará Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ ti fi ẹ̀mí ra ìmọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kò rìn tó bí ọtí ti ń rìn.

7.0 Ẹ̀BI TÀBÍ Ẹ̀KỌ́

Ní oṣù kẹfà ọdún náà, NAFDAC, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, fi òfin de ògógóró. Ìdí òfin náà yéni. Síbẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni òfin ti ń dọdẹ àwọn tí ń sè é, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti ní agbègbè odò. Aláìsàn tí ó mọ̀ pé ìyá tí ó ta ọtí fún òun lè wọ àgọ́ ọlọ́pàá bí òun bá la ẹnu, yóò pa ẹnu mọ́. Ìyá náà, bí ó bá gbọ́ pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ń ṣàìsàn, yóò da èyí tí ó kù nù tàbí kí ó gbé e pamọ́, ẹ̀rí yóò sì parẹ́. Ẹ̀rù ìjìyà a máa pa òtítọ́ mọ́, òtítọ́ ni dókítà sì fẹ́ fi ṣiṣẹ́.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ti fi ọ̀nà mìíràn hàn nínú ọ̀rọ̀ àwọn aláboyún. Ní ọdún 2009 ni ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ̀. Ètò náà tọpa ibi tí ìdádúró ti ń pa aláboyún: ìdádúró nílé kí ó tó pinnu láti lọ, ìdádúró lójú ọ̀nà, ìdádúró nínú ilé ìwòsàn, àti ìdádúró nígbà tí wọ́n bá ń gbé e láti ibi kan lọ sí òmíràn. Ní ọdún 2010, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé kí wọ́n máa ròyìn ikú aláboyún kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń wá ni ibi tí ètò ti já, kì í wá ẹni tí yóò fi ìyà jẹ. Ohun tí ó dára fún aláboyún dára fún gbogbo aláìsàn.

8.0 ÀBÁ

Láti inú àlàyé òkè yìí, àbá mẹ́rin ni ó jẹ yọ.

(i) Kí ìbéèrè mẹ́rin wà nínú ìwé ìgbàwọlé aláìsàn ní gbogbo ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì kọ wọ́n ní Yorùbá: Láti ìjẹta, kí ni ẹ jẹ, kí ni ẹ mu, tí àgbo àti oògùn wà nínú rẹ̀? Níbo ni ẹ ti rí i? Ta ni ó bá yín jẹ tàbí tí ó bá yín mu ún? Báwo ni ara ẹni náà? Ìwé pẹlẹbẹ kì í ṣe nǹkan kékeré. Ní ìlú mẹ́jọ ní àgbáyé, tí Ifakara ní Tanzania wà lára wọn, ìwé ìyẹ̀wò oní-kókó 19 kan fún iṣẹ́ abẹ dín ikú kù láti 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí 0.8, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009 ti fi hàn.

(ii) Kí wọ́n bi aláìsàn ní ìbéèrè wọ̀nyí ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n sì ṣàlàyé fún un pé ìdáhùn rẹ̀ kò ní í dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

(iii) Kí àwọn ilé ìwòsàn tí ó tóbi ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí ó wà ní Òkìtìpupa, ní ethanol tí ó mọ́ fún ìtọ́jú nípamọ́, kí wọ́n sì ní ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ìkan inú ẹ̀jẹ̀.

(iv) Kí ẹ̀ka ìmọ̀ èdè ní yunifásítì bá àwọn ilé ìwòsàn ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ tí aláìsàn fi ń ṣàpèjúwe àìsàn ní ẹ̀ka-èdè kọ̀ọ̀kan. Onímọ̀ èdè tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín "òòyì" àti "ìríran tí ń lọ" ní ohun tí yóò fún dókítà.

9.0 ÌGÚNLẸ̀

Bébà yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ààbò aláìsàn kò bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ẹnu aláìsàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, etí ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ ni ó sì gbà á. Methanol fún àwọn ará Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ ní wákàtí díẹ̀ láàárín ìgbà tí wọ́n mu ún àti ìgbà tí ojú wọn ṣú. Inú wákàtí wọ̀nyẹn ni gbogbo ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn lè ṣe wà. Igi gànǹgànran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Bí irú ọtí bẹ́ẹ̀ bá tún wọ ìlú kan lọ́la, ẹni tí ó lè kọ́kọ́ rí i ni nọ́ọ̀sì abúlé tí ó gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, tí ó sì béèrè pé, "Bàbá, kí ni ẹ mu láti àná?"